Mo Dí Ọkọ̀ Létí Nítorí Màámi

Bàámi àtàtà,

Wọ́n lù mí lọ́sẹ̀ tó kọjá. Wọ́n lù mí bí ẹni ń lu ejò tó wọlé. Ojú mi òsì ṣì wú dí, ètè mi òkè là, bí mo bá sì fẹ́ mí kanlẹ̀, egungun ìhà mi á gún mi. Orí bẹ́ǹṣì ní ọsibítù kan ní Òṣogbo ni mo jókòó sí tí mo ń kọ ìwé yìí. Màámi wà lórí bẹ́ẹ̀dì níwájú mi, wọ́n sùn. Ẹ má bẹ̀rù, wọ́n wà láàyè. Èmi náà wà láàyè. Ẹ jẹ́ kí n ro ọ̀rọ̀ náà fún yín láti ìbẹ̀rẹ̀, nítorí láti kékeré, ẹ̀yin ni mo máa ń wá ro ẹjọ́ fún bí mo bá ti ibi ìjà dé.

Mo ṣì ń jà, Bàámi. Ẹ̀yin lẹ máa ń sọ pé tèmi kì í ṣe ìbínú, pé iná ọyẹ́ ni, pé kí wọ́n tó wá omi, ó ti jó oko ẹlòmíì. Ẹ ó sì fi ohùn ilé ìlagi yín yẹn sọ ọ́, ohùn tí ẹ fi ń bá àwọn òṣìṣẹ́ yín sọ̀rọ̀ lórí ariwo ẹ̀rọ, tí ẹ gbé wọ yàrá, tí ẹ gbé wọ ṣọ́ọ̀ṣì, tó fi jẹ́ pé pásítọ̀ gan-an máa ń dúró kí ẹ ṣe "Àmín" yín tán kó tó máa bá àdúrà lọ. Gbogbo àdúgbò ló ń mọ ohun tí a fẹ́ jẹ lálẹ́, nítorí ẹ̀yin lẹ bèèrè rẹ̀. Ilé ti dákẹ́ láti ìgbà tí ẹ ti lọ. Mi ò fẹ́ràn rẹ̀ rárá.

Gbogbo ìwé tí mo ti ń kọ sí yín, mi ò sọ̀rọ̀ nípa bí ẹ ṣe lọ, mo ní ẹ mọ̀ ọ́n jù mí lọ. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ òní kò lè yé yín bí mi ò bá sọ ọ́. Taya iwájú bẹ́ nígbà tí ẹ̀yin àti Màámi ń ti ìgbéyàwó bọ̀ láti Ẹdẹ. Ọkọ̀ yí gbirigbiri wọ inú oko ẹ̀gẹ́. Àwọn àgbẹ̀ tó kọ́kọ́ débẹ̀ ní àáké ni àwọn fi la ilẹ̀kùn kí àwọn tó rí Màámi yọ. Ní tiyín, wọ́n ní kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè ṣe mọ́. Mo rí ọkọ̀ náà nígbà tí wọ́n wọ́ ọ dé àgọ́ ọlọ́pàá. Ẹ̀jẹ̀ yín wà lára àga, ó ti gbẹ, ó ti dúdú. Mo ń ta ọkọ̀ náà nípàá, mo ń ta á nípàá, bàtà mi fò, èékánná ẹsẹ̀ mi ṣí, títí ọlọ́pàá kan fi gbá mi mú láti ẹ̀yìn tó gbé mi kúrò níbẹ̀.

Lẹ́yìn tí a sin yín, Màámi kò wọ ọkọ̀ mọ́. Kẹ̀kẹ́ gan-an wọn ò gùn. Ẹsẹ̀ ni wọ́n ń fi rìn lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ẹsẹ̀ ni wọ́n ń fi rìn lọ sí ọjà, òòrùn ń pa wọ́n, òjò ń pa wọ́n. Àwọn ẹgbẹ́ ìyá ìjọ ní kí n fi wọ́n sílẹ̀, pé ẹni tí ejò ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá. Mo fi wọ́n sílẹ̀ lóòótọ́. Èmi náà ò kúkú fẹ́ràn ọ̀nà mọ́.

Àfi ọjọ́ tí mo ṣèèṣì ṣí ilẹ̀kùn balùwẹ̀ lu wọ́n. Wọ́n gbé ọmú ọ̀tún wọn lé ọwọ́, wọ́n ń wò ó bí ẹni ń wo ọmọ tó ń ṣàìsàn. Kókó kan wà níbẹ̀ tó ti fa awọ ara wọlé. Wọn ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Nọ́ọ̀sì tó wá wò ó nílé pè mí sẹ́yìn ilé, ó ní kí n má fi ọ̀rọ̀ yìí ṣeré, pé kí a gbé wọn lọ sí Òṣogbo kí wọ́n tètè gé e, pé bí ó bá fi lè ràn, òun ò ní lè sọ nǹkan kan mọ́. Mo padà wọlé, mo kúnlẹ̀, mo bẹ Màámi. Wọ́n ní àwọn gbọ́, ṣùgbọ́n àwọn ò lè wọ inú ọkọ̀, pé bí ikú bá fẹ́ àwọn, kó wá bá àwọn nínú ilé.

Mo gbé abọ́ oúnjẹ wọn, mo là á mọ́ ògiri. Mo gbé ìkejì. Mo sọ fún wọn pé bí wọ́n bá fẹ́ kú, kí wọ́n kú níṣojú mi lónìí kí n mọ̀ pé mi ò ní òbí mọ́. Wọ́n kàn jókòó síbẹ̀, ọbẹ̀ ń ṣàn lórí ògiri, wọ́n ń wò mí. Ta ló bí mi báyìí, Bàámi? Ṣé ẹ̀yin ni, àbí àwọn?

Nígbà tí ẹkún kò ṣiṣẹ́, mo lo ẹ̀tàn. Mo ní àbúrò wọn tó wà ní Kuta ń ṣe òjòjò, pé kí wọ́n jẹ́ kí n fi ọkọ̀ mi kékeré yìí gbé wọn dé ibẹ̀ wéré. Wọ́n wọ ọkọ̀ náà nítorí àbúrò wọn, ara wọn ń gbọ̀n. A jáde kúrò nílùú. Ibi tí ọ̀dà ti jẹ, tí òkúta wẹ́wẹ́ ń fò lu abẹ́ ọkọ̀, ariwo náà bẹ̀rẹ̀. Ẹ mọ ọkọ̀ mi, ẹ̀yin lẹ sọ ọ́ ní agolo. Gbogbo ara rẹ̀ ló ń sọ̀rọ̀. Màámi ké. Wọ́n fi ẹ̀ṣẹ́ lu orí mi láti ẹ̀yìn, wọ́n na ọwọ́ mú sítíárìn, ọkọ̀ sì yà bàrá sí igbó, díẹ̀ ló kù ká lu igi. Mo tẹ bíréèkì, mo pa ẹ́ńjìnnì kí wọ́n lè fara balẹ̀. Kàkà kí wọ́n fara balẹ̀, ìgbọ̀nrìn náà le sí i. Wọ́n já ilẹ̀kùn ṣí, wọ́n bọ́ sílẹ̀, wọ́n kọjú sí Ìwó, ìlú wa, wọ́n ń fẹsẹ̀ rìn lọ láàárín ọ̀nà. Mo ń wakọ̀ tẹ̀lé wọn lẹ́yìn díẹ̀díẹ̀ títí a fi délé, mo ń sunkún, mo ń bú wọn.

Ọjọ́ yẹn ni mo sọ fún ara mi pé ariwo ọ̀nà ni. Mo ní ìró taya àti òkúta lábẹ́ ẹsẹ̀ ló ń dá wọn padà sínú oko ẹ̀gẹ́ yẹn. Bí mo bá lè pa ìró yẹn, Màámi á dé Òṣogbo. Ó yé mi kedere bí ìgbà tí ènìyàn rí ojú ọ̀tá rẹ̀. Inú mi sì dùn, nítorí ọ̀tá tí mo bá rí, mo mọ ohun tí mo máa ń ṣe fún un.

Ọ̀gbẹ́ni kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà àwọn mẹkáníìkì, Múfú ni wọ́n ń pè é, òun ló ń rán àga ọkọ̀ ní agbègbè yẹn. Ó ní òun ti ṣe irú rẹ̀ rí fún àwọn olówó tó ń fẹ́ gbọ́ orin nínú ọkọ̀ láìgbọ́ ti ìta. Ó ní a ó tú gbogbo inú ọkọ̀, a ó fi bébà ọ̀dà tí àwọn kanlékanlé fi ń dí òrùlé tó ń jò bo gbogbo irin rẹ̀, kí irin náà má lè gbọ̀n mọ́, nítorí ìgbọ̀nrìn irin gan-an ló ń di ariwo. Lẹ́yìn náà, fóòmù á tẹ̀lé e, aṣọ nínípọn á tẹ̀lé fóòmù, a ó sì fi rọ́bà yí etí ilẹ̀kùn ká. Mo ní kó bẹ̀rẹ̀ lójú ẹsẹ̀.

Ọjọ́ kejì, mo ti ilé ẹ̀kọ́ tí mo ti ń kọ́ni yà síbẹ̀. Ó ti lẹ apá iwájú tán. Mo fi ìka kan gbé etí ọ̀dà náà, gbogbo rẹ̀ sì tẹ̀lé ìka mi bí èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀. Orí ìpáàrà àti eruku ni ó lẹ̀ ẹ́ mọ́, kò ha irin, kò fọ̀ ọ́. Nínú ilẹ̀kùn, ó ti dí àwọn ihò tí omi òjò ń gbà jáde nísàlẹ̀. Mo wo ohun tí ó ṣe, mo rí ọmú Màámi, àrùn tí wọ́n fi aṣọ bò mọ́lẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rẹ́rìn-ín. Mo fa gbogbo rẹ̀ ya. Mo ń fà á, mo ń jù ú lu Múfú lójú. Ó tì mí, mo ṣubú lu jáàkì, mo dìde, mo gé e jẹ ní apá. Èmi, olùkọ́ ọmọ ènìyàn. Àwọn mẹkáníìkì ló là wá. Bí ó ṣe ń fi epo bẹntiróòlù nu apá tí mo gé jẹ, ó bi mí ní ìbéèrè kan tó kọ́kọ́ jọ ẹ̀fẹ̀ létí mi.

"Àǹtí, ta lẹ fẹ́ fi pamọ́ sínú ọkọ̀ yìí?"

Mo sọ fún un. Mo sọ nípa yín, mo sọ nípa Màámi. Ó ju bùrọ́ọ̀ṣì onírin kan sí mi, ó ní kí n máa ha òdìkejì. Bí àwa méjèèjì ṣe jọ ṣe é nìyẹn. A tú àga, a tú kápẹ́ẹ̀tì, a bá èèpo ẹ̀pà àti gírísì tó ti dì níbi gbogbo. A ha irin títí ó fi funfun. A tẹ́ ọ̀dà náà sí òòrùn kó lè rọ̀, a fi ìgò yí i mọ́ irin kí afẹ́fẹ́ má kù sábẹ́ rẹ̀. Ọ̀dà jó mi lọ́wọ́ títí àtẹ́lẹwọ́ mi fi bó. Mi ò fi í ṣe nǹkan kan. Bí ẹ bá fi ìka kan irin ilẹ̀kùn tẹ́lẹ̀, ó máa ń dún bí abọ́ tánńganran. Nígbà tí a parí, ó kàn ń dún kù, bí ìgbà tí ènìyàn lu àyà ara rẹ̀. A bo ilẹ̀, a bo ilẹ̀kùn, a bo bọ́ọ̀tù, a bo abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì. Mo tún ní kó lẹ rọ́bà dúdú mọ́ gíláàsì ẹ̀gbẹ́ àti ẹ̀yìn, kí Màámi má baà rí tírélà. Paríparí rẹ̀, mo tẹ ibi tí wọ́n ń tẹ̀ kí ọmọdé má baà lè ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn láti inú, nítorí mo rántí bí wọ́n ṣe bọ́ sílẹ̀ lọ́nà Kuta.

Mo jókòó sínú rẹ̀, mo ti ilẹ̀kùn, ayé sì bọ́ sẹ́yìn. Ọkọ̀ akógi kan ń kọjá lọ, mo rí èéfín rẹ̀, mo rí ilẹ̀ tó ń mì, mi ò gbọ́ ọ. Múfú dúró níta, ẹnu rẹ̀ ń lọ sókè sódò, kò sí ohun tó sọ tó dé etí mi. Mo lu ọwọ́ mọ́ sítíárìn, mo rẹ́rìn-ín bí wèrè. Mo ní mo ti ṣẹ́gun.

Mo wa ọkọ̀ náà wálé, mo ní kí Màámi kàn jókòó sínú rẹ̀ lásán, láìkúrò lójú kan. Ẹ̀rọ ìlọta ìyá ilé kejì ń ké lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri wa, ẹ mọ bó ṣe máa ń ké. Mo ti ilẹ̀kùn mọ́ wọn. Wọ́n jókòó fún ìgbà díẹ̀, mo ṣí i. Ojú wọn ti funfun bí ẹfun. Wọ́n ní, "Ó dákẹ́ o." Mo gbà á bí ìyìn. Wọ́n wo ọwọ́ mi tó bó, wọ́n mú un, wọ́n yí i padà, wọ́n ní ó dáa, àwọn á lọ.

Ní àárọ̀ ọjọ́ tí a fẹ́ lọ, wọ́n wọ aṣọ òkè yín tó ní ìlà búlúù, wọ́n ta ìborùn lé e. A gbéra. A kọjá ọjà, a kọjá ibi ìlagi yín tó ti di ti ẹlòmíì. Ọ̀nà burú bó ṣe máa ń burú, ṣùgbọ́n nínú ọkọ̀, kò sí nǹkan kan, àfi èémí wa. Mo ń wo Màámi nínú dígí. Wọ́n di ojú, ètè wọn ń mì. Mo rò pé àdúrà ni wọ́n ń gbà, ọkàn mi sì kún. Nígbà tó yá wọ́n sọ̀rọ̀, ohùn wọn tín-ínrín.

"Máa bá mi sọ̀rọ̀. Má dákẹ́."

Mo sọ̀rọ̀. Mo sọ nípa ilé ẹ̀kọ́, mo sọ nípa ọmọ kan tó ń sùn ní kíláàsì mi, mo sọ nípa Múfú àti eyín mi lára apá rẹ̀. Bí mo bá ti dánu dúró, wọ́n á tún ní kí n máa sọ. A ti dé Ilé-Ogbó nígbà náà. Mo yí orí padà kí wọ́n lè rí i pé mo ń rẹ́rìn-ín. Ìṣẹ́jú àáyá ni. Ọkọ̀ mì díẹ̀, bí ìgbà tí taya gun kùùkù àgbàdo. Mi ò gbọ́ nǹkan kan, mo sì ń bá ọ̀rọ̀ mi lọ.

Ọlọ́kadà ni, Bàámi. Ó ń jáde bọ̀ láti ọ̀nà oko. Ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ mi gbá a, ó gbé e kọlu kòtò, egungun ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ síta. Gbogbo ẹni tó wà nídìí ọ̀nà ló pariwo. Àwọn kan sáré, wọ́n fi ọwọ́ gbá bọ́ọ̀tù mi. Mi ò gbọ́.

Nígbà tó ṣe, mo rí ọ̀kadà lẹ́yìn mi, ọ̀pọ̀lọpọ̀, wọ́n tan iná, wọ́n gbé ẹ̀ka igi lọ́wọ́, ẹnu gbogbo wọn là. Ẹ mọ̀ pé bí wọ́n ṣe máa ń ṣe nìyẹn bí wọ́n bá ń sin ọ̀kan nínú wọn lọ sí itẹ́ òkú, wọ́n sì máa ń fọ́ gíláàsì ẹni tí kò bá bọ̀wọ̀ fún òkú. Ohun tí mo rò nìyẹn. Mo tan iná méjèèjì tó ń ṣẹ́jú, bí gbogbo awakọ̀ ṣe ń ṣe láti kẹ́dùn, mo sì fi kún eré ọkọ̀ kí n lè kúrò lọ́nà fún òkú wọn. Lójú tiwọn, mo pa ènìyàn, mo ń sá lọ, mo tún ń ṣẹ́jú sí wọn.

Wọ́n kọjá mi, wọ́n fi ọ̀kadà dí ọ̀nà. Níbi tí ẹni tó ní làákàyè ì bá ti jókòó, èmi bọ́ sílẹ̀. Inú ti bí mi, mo ní wọn kì í dá ẹni tó gbé aláìsàn dúró. Mo la ilẹ̀kùn mọ́ ẹ̀yìn mi gbàgà, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo mọ́ wọn. Kí n tó sọ gbólóhùn kan tán, ọkùnrin gìrìwò kan gbá mi létí, mo rí iná.

"Ó pa Wàsíù, ó tún ń tan iná fún wa!"

Lẹ́yìn èyí, mi ò mọ ọwọ́ ẹni tó ń bà mí. Wọ́n fi igi lù mí léjìká, wọ́n fi bàtà gbá mi níhà, ẹnì kan mú irun mi ó sì ń wọ́ mi lórí ọ̀dà. Mo bá wọn jà. Mo họ ojú ẹnì kan, mo gbọ́ tó ké, inú mi dùn sí i, Ọlọ́run dárí jì mí. Ẹ̀jẹ̀ ń dà sí mi lójú. Wọ́n fa bùláòsì mi ya. Obìnrin kan tó ń ta iṣu lẹ́bàá ọ̀nà ń sọ pé kí wọ́n má pa mí, ẹlòmíì sì ń sọ pé kí wọ́n gbé epo wá. Wọ́n gbé e wá. Mo gbóòórùn rẹ̀ kí n tó rí kẹ́ẹ̀gì náà. Wọ́n gbé mi ju sórí bọ́nẹ́ẹ̀tì, wọ́n tẹ ojú mi mọ́ gíláàsì iwájú, epo tútù sì bẹ̀rẹ̀ sí í dà lé mi lẹ́yìn, ó ń ṣàn lọ sára ọkọ̀.

Ibẹ̀ ni mo ti rí Màámi.

Wọ́n wà nínú ọkọ̀, lẹ́yìn gíláàsì dúdú, kò sí ẹni tó mọ̀ pé wọ́n wà níbẹ̀. Ẹnu wọn là gbàgà. Iṣan ọrùn wọn dúró. Wọ́n ń fi ọwọ́ méjèèjì lu ilẹ̀kùn ẹ̀yìn tí èmi fúnra mi ti mọ́ wọn, wọ́n ń ké, wọ́n ń ké, kò sí ìró kankan tó jáde. Èmi tí ojú mi lẹ̀ mọ́ gíláàsì gan-an ò gbọ́ wọn. Mo ń sọ fún àwọn tó mú mi pé ìyá mi wà nínú ọkọ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ kún ẹnu mi, ariwo wọn sì bo tèmi. Bàámi, ṣé ẹ ti rí ẹni tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kan pósí fún ìyá rẹ̀ rí?

Mo rí i tí Màámi dẹ́kun. Wọ́n wo iwájú. Wọ́n ká ìró sókè, pẹ̀lú ọmú tó ń dùn wọ́n yẹn, wọ́n ń rá gba àárín àga méjèèjì kọjá, wọ́n ṣubú sí orí àga mi, wọ́n sì fi gbogbo àyà wọn lé họ́ọ̀nù.

Wọn ò gbé e kúrò. Ó ké títí. Àwọn tó mú mi fò sẹ́yìn. Ẹnì kan rò pé ẹlẹgbẹ́ mi ọkùnrin ló wà nínú ọkọ̀, ó gbé òkúta, ó fi fọ́ gíláàsì ẹ̀gbẹ́. Bí gíláàsì ṣe wó ni igbe Màámi bọ́ síta, igbe àgbàlagbà obìnrin, ó bo ti họ́ọ̀nù mọ́lẹ̀. Gbogbo wọn ló dúró. Ọwọ́ ẹni tó mú kẹ́ẹ̀gì wálẹ̀.

Màámi ṣí ilẹ̀kùn, wọ́n bọ́ sílẹ̀, gíláàsì kún inú irun wọn. Wọ́n wo èmi tí epo ń ro lára mi, wọ́n wo àwọn ọkùnrin náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọn ò kúnlẹ̀, wọn ò bẹ̀ wọ́n. Wọ́n béèrè pé níbo ni ẹni tó farapa wà. Wọ́n tún un sọ, ó wá jọ ohùn yín.

"Mo ní níbo ni ọmọ yẹn wà? Ẹ gbé e wá sínú ọkọ̀ mi."

Wàsíù kò kú. Wọ́n fi ọ̀kadà gbé e wá láàárín ènìyàn méjì, Màámi sì fi ìborùn wọn di ẹsẹ̀ rẹ̀. Ojú mi ti wú dí, n kò lè wakọ̀. Ọkùnrin gìrìwò tó kọ́kọ́ gbá mi létí, Kàmọ́rù lorúkọ rẹ̀, ló gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ mi láìwò mí lójú. Òun ló wà wá dé Òṣogbo. Èmi jókòó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, epo àti ẹ̀jẹ̀ ń rùn lára mi. Láti ojú gíláàsì tó fọ́, gbogbo ariwo ọ̀nà wọlé tọ̀ wá, afẹ́fẹ́, òkúta, taya, tírélà. Mo ń retí kí Màámi ké. Orí Wàsíù wà lórí itan wọn. Nígbàkígbà tí ó bá ti fẹ́ dákẹ́, wọ́n á gbá a lẹ́rẹ̀kẹ́. Wọ́n ní, "Má dákẹ́ o. Máa pariwo. Bí ó bá ń dùn ọ́, ké."

Wọ́n ti to egungun Wàsíù. Ìyá rẹ̀ ń gbé oúnjẹ wá láràárọ̀, kì í kí mi, ṣùgbọ́n lánàá ó gbé abọ́ kan síwájú Màámi. Ọlọ́pàá ti gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu wa, ẹjọ́ tèmi kò tí ì parí, mo sì jẹ̀bi, mi ò lè parọ́ fún yín. Wọ́n ti gé kókó náà. Dókítà ní ká ṣì máa retí èsì, pé bí a bá pẹ́ díẹ̀ sí i, ì bá ti bàjẹ́.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe nítorí èyí ni mo ṣe ń kọ̀wé. Kí wọ́n tó ti Màámi wọ yàrá iṣẹ́ abẹ, mo kúnlẹ̀ ti bẹ́ẹ̀dì wọn, mo ní kí wọ́n dárí jì mí nítorí ọkọ̀ tí mo ti wọ́n mọ́. Wọ́n ń fi ọwọ́ pa ojú mi tó wú, wọ́n wá sọ ohun tí wọn ò sọ fún ẹnikẹ́ni rí.

"Kì í ṣe ariwo ni mo ń sá fún. Ariwo máa ń tán. Nígbà tí ọkọ̀ yẹn dúró nínú oko ẹ̀gẹ́, ibi gbogbo dákẹ́. Mo wá gbọ́ tí bàbá rẹ ń pè mí. Orúkọ mi gan-an ni wọ́n ń pè, èyí tí wọn kì í pè níwájú ẹ̀yin ọmọ. Mo ń dá wọn lóhùn, ṣùgbọ́n irin ti tẹ̀ mí láyà, ohùn ò jáde. Wọ́n rò pé mo ti kú. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún mi. Ibi tí wọ́n ti ń sunkún mi ni wọ́n dákẹ́ sí."

Nọ́ọ̀sì ti ń ti bẹ́ẹ̀dì náà lọ. Wọ́n yí orí padà sí mi, wọ́n ní àwọn mọ̀ pé mo máa ń kọ̀wé sí yín, pé kí n bá àwọn jẹ́ iṣẹ́ kan.

Iṣẹ́ náà ni mo ń jẹ́ yìí. Màámi ò kú, Bàámi. Wọ́n wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín níbẹ̀, wọ́n gbọ́ gbogbo bí ẹ ṣe ń pè wọ́n, kò sí ìgbà kan tí ẹ pè wọ́n tí wọn ò dá yín lóhùn.

Èmi ni, ọmọ yín obìnrin tó fẹ́ràn yín, tó kúnlẹ̀ fún yín láti ibi tó jókòó sí.